Ọjọ́ Tí Agbẹ́hò Gbá Gọ́ọ̀fù

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá dárúkọ rẹ̀ fún àna, àna á ní kó tún un sọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí à ń sọ yìí ń ṣe. Ihò ló ń gbẹ́. Kì í ṣe kànga o, kì í ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Ihò kékeré tí ife omi kan lè wọ̀ ṣinṣin ni, lórí pápá gọ́ọ̀fù tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Láràárọ̀, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dé, á yọ àsíá kúrò nínú ihò àná, á fi irin róbótó gé ihò tuntun síbòmíràn kí koríko etí ti àná lè sinmi, á fi èyí tó gé jáde dí ti àná, á bomi rin ín, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí o bá dé lẹ́yìn rẹ̀, o ò ní mọ̀ pé ọwọ́ kan ibẹ̀. Agbẹ́hò ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é.

Aṣòfíntótó ẹ̀dá ni. Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni yóò tú palẹ̀, kó lè mọ ibi tí ohùn ń gbà wọlé. Síbẹ̀, kò gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù rí láyé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ nínú yàrá iwájú, a máa bi í pé, "Bàbá wọn, kí ló tilẹ̀ ń dùn mọ́ àwọn èèyàn yìí níbẹ̀?"

"Wọ́n ń wá wo òkè ni," ni Agbẹ́hò máa ń sọ. Ó sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Àfi ká sọ̀rọ̀ ihò keje. Ẹni tó fẹ́ gbá a yóò dúró lápá kan òkè, yóò gbá bọ́ọ̀lù fo àfonífojì tí odò ń sáré nísàlẹ̀ rẹ̀, kó lè balẹ̀ sórí koríko kékeré tó wà lórí àpáta ní òdìkejì. Bí o bá rìn dé etí koríko náà, níbi tí àpáta ti já, o máa rí ibi tí odò ti ń wọ inú adágún. Omi odò pọ́n bí ẹrẹ̀, ti adágún mọ́ roro, méjèèjì á sì jọ máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbà láti dàpọ̀. Ọjọ́ tí Agbẹ́hò kọ́kọ́ rí i, irin ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ó pinnu pé etí ibẹ̀ ni òun yóò máa gbẹ́ ihò keje sí lóòrèkóòrè, kí ẹni tó bá wá yọ bọ́ọ̀lù rẹ̀, bó bá ti nà ró báyìí, kó rí ohun tí òun rí. Ẹ̀bùn ló kà á sí. Ìyá Kíṣìnì, tó ń dáná fún àwọn oníbàárà pápá náà, nìkan ló sọ ọ́ fún.

Àṣé ẹ̀bùn ti ń di ìjà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Tísà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó sì máa ń wá síbẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀, pàdánù bọ́ọ̀lù mẹ́ta sínú àfonífojì, ó wá bá Agbẹ́hò níbi tó ti ń bomi rin koríko.

"Ìwọ lo ń gbẹ́ ihò yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ìkà ni ẹ́. Ìkà pọ́ńbélé!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Nígbà tó délé, oúnjẹ kò wù ú. "Ṣé ìkà ni mí ni?" ló ń bi ìyàwó rẹ̀.

Obìnrin náà ò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹni tó se ọbẹ̀ tí ò tọ́ ọ wò rí, ṣé ó yẹ kó bá alájẹun jà? Ẹ lọ gbá a kẹ́ ẹ mọ̀."

Orí bá a ṣe é, ọ̀gá pápá náà gba àwọn òṣìṣẹ́ láàyè láti gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Ajé kan, ọjọ́ tí oníbàárà kì í wá. Ìyá Kíṣìnì ni wọ́n pín mọ́ ọn. Obìnrin náà kò sì fi pa mọ́ pé ẹ̀rín lòun wá rín. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Agbẹ́hò fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ àwọn ihò. Nígbà tó dé orí keje, ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó gbẹ́ ẹ sáàárín, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ mọ̀ kọ́ nìyẹn. Ó gbẹ́ ẹ sí etí.

Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀pá sókè, ó fi gbogbo agbára sọ ọ́ kalẹ̀, bọ́ọ̀lù ò mira. Koríko ló hú. Ó bá kúnlẹ̀, ó ń tún un lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tọrọ àforíjì.

"Bọ́ọ̀lù lo wá gbá ni àbí oko lo wá ro?" ni Ìyá Kíṣìnì wí, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Wọ́n rá bàbà dé ihò keje. Láti ibi tí wọ́n dúró sí, àsíá tí Agbẹ́hò fọwọ́ ara rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ kéré bí abẹ́rẹ́. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kan lọ sínú odò, òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kọlu àpáta, ó ta sókè, ó balẹ̀ sórí koríko. Agbẹ́hò sáré gba orí afárá kọjá bí ọmọdé. Ìgbà yẹn ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé. Bó bá rọra gbá a, bọ́ọ̀lù á dúró lójú ọ̀nà. Bó bá gbá a le díẹ̀, etí àpáta ló forí lé. Ó dọ̀bálẹ̀ kó lè wo bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó gbá a, ó kọjá, ó tún gbá a, ó tún kọjá. Nígbà tó wọlé níkẹyìn, ó fa bọ́ọ̀lù yọ, ó ki àsíá bọlẹ̀, ó kọrí sí ihò kẹjọ.

"Èèyàn burúkú wo ló ń gbẹ́ ihò sírú ibí yìí?" ló ń kùn.

"Agbẹ́hò," Ìyá Kíṣìnì pè é láti ẹ̀yìn, "omi méjì tó o máa ń royìn fún mi, ibo ló wà gan-an?"

Agbẹ́hò dúró gbagidi. Òun tó gbé ihò wá síbẹ̀ nítorí omi, ó ti yọ bọ́ọ̀lù, ó ti nà ró, ó ti yí ẹ̀yìn padà, kò sì wo omi. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò gbá gọ́ọ̀fù rí. Ó dùn ún gan-an, nítorí ó yé e wàyí pé gbogbo ọdún tí òun fi ń fún àwọn èèyàn lẹ́bùn, kò sẹ́ni tó gbà á.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbẹ́ ihò keje sáàárín gbùngbùn. Ó kéré tán, ẹnikẹ́ni ò ní pe òun ní ìkà mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Tísà dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Ní ihò keje, bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ gbá balẹ̀ sítòsí àsíá, èyí tó tẹ̀ lé e wọlé. Ó yí ìdí díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń bá tiwọn jà, kò sì sóhun tí yóò ṣe mọ́, ó bá kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń nasẹ̀ lọ títí ó fi dé etí koríko. Ó dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìwọ! Wá!" ló ké sí Agbẹ́hò, tó wà lábẹ́ igi pẹ̀lú agbè omi rẹ̀. "Kí lèyí?"

"Odò ló ń wọ inú adágún, mà."

"Ìgbà wo ló ti ń ṣe báyìí?"

"Láti ìgbà táláyé ti dáyé ni, mà."

Ìyá Tísà mi orí, kò gbójú kúrò níbẹ̀. "Látọjọ́ yìí, o ò sì lè fi hàn wá?"

Agbẹ́hò gbé agbè omi rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró tì í. Obìnrin náà ti gbàgbé pé òun bi í ní nǹkan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é pé ó ti yá, omi méjì náà ló ṣì ń wò.