Ipò Kìíní fún Má-Kánjú

Wọ́n ní èébú tí Má-Kánjú dẹ́rẹ́bà ń bú èrò nínú mọ́tò ló jẹ́ kí ìràwọ̀ rẹ̀ máa já. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ, a sì gbà á gbọ́ dé ìdajì, torí bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Àmọ́ Má-Kánjú, ọkọ télọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà, bí ajá bá gbó mọ́ ọn, òun ni yóò bẹ ajá pé kó máà bínú.

Fóònù ló ń fún un níṣẹ́. Á dún, á júwe ibi tí èrò wà, àwọn tí kò mọra wọn rí á sì jọ wọ mọ́tò kan. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, kálukú á tẹ ìràwọ̀ fún dẹ́rẹ́bà: márùn-ún fún ẹni tó ṣe dáadáa, ọ̀kan fún ẹni tí ìwà rẹ̀ burú. Dẹ́rẹ́bà tí ìràwọ̀ rẹ̀ bá wálẹ̀ jù, fóònù rẹ̀ á dákẹ́ lọ gbári.

Ìyá àgbà kan wà tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún nílé ìwòsàn torí àìsàn kíndìnrín. Kó tó rọra wọ́sẹ̀ dé ìdí mọ́tò, àwọn dẹ́rẹ́bà mìíràn á ti lọ. Má-Kánjú nìkan ló ń dúró. Á bọ́ sílẹ̀, á fà á lọ́wọ́, àwọn èrò tó kù á máa pòṣé lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan tó ku àwọn méjèèjì nínú mọ́tò, Màmá na fóònù rẹ̀ sókè tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ọmọ mi, mo tún ti fún ẹ ní ọ̀kan. Ipò kìíní ni tìẹ. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tá a jọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹ sí ipò karùn-ún."

Ìgbà yẹn ni Má-Kánjú mọ ibi tí ìràwọ̀ rẹ̀ ti ń já. Màmá ti tọ́ ọmọ jáde níléèwé. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Kí lèèyàn fẹ́ sọ?

"Ẹ ṣé, Màmá," ló sọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ ṣàlàyé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń fún un níṣẹ́ lórí fóònù. Ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀, tó ń wo kọ̀ǹpútà ju ojú èèyàn lọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ní ẹ̀rọ ò mọ àṣìṣe, òótọ́ àti irọ́ nìkan ló mọ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe fi irú ẹ̀ ṣe adájọ́ wa. Ó ní kí Bàbá sáà fọwọ́ sí i pé àwọn èrò yẹn purọ́ mọ́ òun, ìràwọ̀ rẹ̀ á padà.

Má-Kánjú bi í pé kí ni wọ́n á ṣe fún àwọn tó purọ́.

"Wọn ò ní lè pe mọ́tò wa mọ́, Bàbá. Òfin ni."

"Ta ló máa wá gbé wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀?"

"Tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, fóònù yín ò ní dún mọ́ láti òní lọ. Ẹ sì níyàwó, ẹ bímọ."

"Mo ní wọn. Ṣé ìyá tìẹ ṣì wà?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ ìyá òun kọ́ ló wà nílẹ̀, pé òun kọ́ ló ṣòfin, pé bí Bàbá bá tiẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa... Ibi tó ti ń fi ìka ka àwọn ìdí rẹ̀ ni Má-Kánjú ti dìde, ó rọra ti àga padà sí àyè rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó jáde láì fọwọ́ sí nǹkan kan.