Wọ́n Ní Ayédèrú Ni Káàdì Báńkì Mi

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pè mí lólè ní Norcross, ní Amẹ́ríkà níbí, lónìí!

Mo lọ ra táyà. Ẹ̀rọ ò gba káàdì mi. Ọmọbìnrin tó ń gbowó gbà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún lábẹ́ iná.

"Màdáàmù, níbo lẹ ti rí káàdì yìí?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! "Ní báńkì ni."

"Àmì ibí yìí yẹ kó máa pa àwọ̀ dà. Tiyín ò ṣe bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni. Báńkì ní àwọn fín ìlà tíntìntín tójú ò lè rí sára àmì yẹn, káwọn oníjìbìtì má baà lè ṣe irú ẹ̀. Nanotechnology ni wọ́n pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń tàn bí òṣùmàrè.

Àbí wọ́n ti pààrọ̀ káàdì mi ni? Mo ń fura sí i, òun náà ń fura sí mi.

Mo fi èékánná ha káàdì náà. Nǹkan bó. Sẹ́lótéèpù! Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ti dí gbogbo ìlà náà pa, ó sì ti bo ibi tí ẹ̀rọ ń kà.

Mo mọ ẹni tó ṣe é. Màmá mi ló wà nílé wa, àwọn tí ò jẹ́ ká yọ ọ̀rá lára rímóòtù. Mo pè wọ́n.

"Mummy, ẹ̀yin lẹ lẹ nǹkan mọ́ káàdì mi?"

"Èmi ni, kí nǹkan má baà ha á. Mo ti bá ẹ ṣe green card ẹ náà. Áyọ́ọ̀nù ni mo fi tẹ ìyẹn, kó lè mú dáadáa."

Ẹ̀yin tí màmá yín wà nílé, ẹ lọ yẹ àpò yín wò kíá. Kí lẹ bá níbẹ̀?