Ẹni Tó Máa Ń Béèrè Kó Tó Fẹ̀yìn Tì

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í fẹ̀yìn ti orúnkún ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láìkọ́kọ́ béèrè.

Lọ́jọ́ kan, à ń gbé ẹja yíyan lọ síbi ìkómọ ní Ìkòròdú. Gẹ́ńdé tó wà níwájú wa bá fẹ̀yìn ti apẹ̀rẹ̀ ẹja tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rúnrún ẹja ni ká fi kí ìyá ọmọ?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ó rẹ̀ mí ni. Ṣé kí n fẹ̀yìn tì yín?"

"Ṣé ìbéèrè yẹn wá ká ọ léyín?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi lórí, ó sì ní kó fẹ̀yìn ti orúnkún òun. Gẹ́ńdé náà sùn títí dé èbúté. Ẹja kankan ò fọ́, ọrùn mi nìkan ló wọ́.