Ìkíni Adébùnmí Lórí Àtẹ̀gùn

Kò sí ẹni tó mọ èèyàn kí tó Adébùnmí ní búlọ́ọ̀kù wa ní Festac. Àjà kẹta lòun àti Ṣínà ọkọ rẹ̀ ń gbé, ìsàlẹ̀ pátápátá lèmi wà. Tó bá ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Mazamaza dé, ẹnu ọ̀nà mi ló ti ń bẹ̀rẹ̀: "Àǹtí Láídé, ẹ kú ilé o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?" Á di irin àtẹ̀gùn mú, á dúró títí màá fi dá a lóhùn tán. Tó bá dé àjà kìíní, á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyẹn. Èmi tí n kì í tètè yin èèyàn, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé lọ́dọ̀ rẹ̀.

A ò mọ nǹkan kan. Èémí ló ń fi ìkíni wá.

Ó ti dá lọ sí ọsibítù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, torí pé tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ńṣe ló máa ń dà bíi pé omi ń mu ún. Dókítà fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Ó ní fáàfù kan níbẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré tí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ ń gbà kọjá, ti le, ó sì ti fún bí ọrùn àpò tí wọ́n fi okùn fà. Ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá dáadáa, ó ń dá padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀nà ọ̀fun tó dùn ún ní kékeré, tí orúnkún rẹ̀ fi wú, tí ìyá rẹ̀ ní ara rẹ̀ ló ń dàgbà, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè ti okùn tín-ínrín kan gba inú iṣan itan rẹ̀ dé ọkàn, kí wọ́n fi àpò rọ́bà kékeré tó wà lórí rẹ̀ fẹ fáàfù náà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lóyún kí wọ́n tó ṣe é, torí oyún máa ń fi kún ẹ̀jẹ̀, ọrùn tóóró yẹn ò sì ní lè gbé e.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tó ti wọlé ọkọ, kò tíì bímọ. Ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ní òun á kọ́kọ́ lóyún ná. Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyá ọkọ rẹ̀ ti Ijegun-Egba wá bá wọn jọ́sìn. Ṣínà ti gbé kúlà oúnjẹ ṣáájú lọ sókè. Ẹ̀yìn àwọn obìnrin méjèèjì ni mo wà, mò ń gbé aṣọ lọ sá lókè. Nígbà tá a dé àjà kejì, Adébùnmí dúró lẹ́nu ọ̀nà Beatrice.

"Àǹtí Beatrice, ẹ kú ilé o. Bọ̀dá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Àgádágodo ràbàtà ló wà lára géètì Beatrice. Ó ti rìnrìn àjò láti ọjọ́ Ẹtì.

Màmá Ṣínà wo àgádágodo, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Bùnmí, ta lò ń kí?"

Adébùnmí jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ètè rẹ̀ ti ṣá. Èémí tó máa fi purọ́ ò sí mọ́.

"Mọ́mì, ọkàn mi ni. Wọ́n ní tí mo bá lóyún báyìí, ó lè pa mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ṣínà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bí ọ̀kan fún yín."

Mo mọ ìyá yìí dáadáa. Ikùn ìyàwó ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀. Mo ti ń retí èébú. Ló bá gbé báàgì sílẹ̀, ó fi léèsì funfun jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ó gbójú sókè.

"Ṣínà! Sọ̀ kalẹ̀ wá! Ìyàwó ẹ ò lè mí, o wà lókè!"

Adébùnmí di ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Dákẹ́," ni màmá wí. "Ìwọ ni mo mọ̀. Mi ò tíì mọ èyí tó o fẹ́ bí."

A gbọ́ ẹsẹ̀ Ṣínà tó ń sáré bọ̀. Adébùnmí bú sẹ́kún. A jókòó tì í, a ò kánjú.