Àwọn Fọ́wọ́ọ̀dù Méjìdínlógún ti Ìlódè

Òórùn òrí ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, nígbà ọyẹ́, ètè gbogbo wa ti là, ẹsẹ̀ wa sì funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rin inú èlùbọ́ kọjá. Búọ̀dá Dókítà jókòó sórí àpótí níwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlódè, ó ki ìka bọ inú igbá òrí, ó ń fi í pa bọ́ọ̀lù kan lára, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí abiyamọ tó ń pa ọmọ tuntun lára. Bọ́ọ̀lù náà kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Kò rí roboto. Ó ṣe gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, awọ pupa ni wọ́n fi rán an. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn òrí níbikíbi, ojú máa ń tì mí díẹ̀ kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Ẹ ó rántí àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀yin tí a jọ dàgbà. Ìgbà tí yunifásítì máa ń tì ju bó ṣe ń ṣí lọ, tí èèyàn sì lè tò fún kẹrosíìnì láti àárọ̀ kó má rí i rà. Búọ̀dá Dókítà ti lọ kàwé nípa ilẹ̀ oko ní Ọsirélíà. Ó gbé ìwé ẹ̀rí, àpótí aṣọ méjì àti bọ́ọ̀lù yẹn bọ̀ wálé. Wọ́n gbà á síṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ kó tó mọ ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé dókítà ń sun oorun ọ̀sán lójoojúmọ́, kó wá nǹkan ṣe. Nǹkan tó rí ṣe ni àwa ọmọ àdúgbò.

Eré tó kọ́ wa ni wọ́n ń gbá ní Ọsirélíà. Ọmọ méjìdínlógún ló ń wà níhà kọ̀ọ̀kan. O lè fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù, o lè fẹsẹ̀ gbá a, o sì lè gbé e sáré, bí o bá ṣáà ń rántí fi í lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òpó mẹ́rin ni wọ́n ń rì sí ìpẹ̀kun pápá, láàárín méjì tó ga ni góòlù gidi wà. A gé ọparun, a rì mẹ́rin síhìn-ín, mẹ́rin sọ́hùn-ún. Ìyá mi wò ó títí, ó ní ta ló ń kú tí wọ́n fẹ́ pàgọ́ méjì.

Ohun tí Búọ̀dá Dókítà ń wàásù láràárọ̀ ni pé ẹgbẹ́ kì í dára nítorí pé ó kó àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù jọ. Oríṣiríṣi èèyàn ló ń mú un dára. Ó fi igi ya á sínú eruku fún wa. Ó nílò ọmọ gíga díẹ̀ tí yóò fò nígbà tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sókè láàárín. Ó nílò àwọn kúkurú olójú kíá tí yóò ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn gíga. Ó nílò àwọn tí kì í rẹ̀, tí yóò máa sáré lọ, sáré bọ̀. Ó sì nílò àwọn ará ẹ̀yìn, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ ọ̀tá, tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún. Lẹ́yìn gbogbo wọn ló tó wá kan fọ́wọ́ọ̀dù, mélòó kan péré. Á na igi sí wa: "Bí gbogbo yín bá ga, ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà nítòsí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ṣé èyí náà ni wọ́n ní kó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ kọ́?"

Ẹni tó mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ jù láàárín wa ni Mùfútáù, ọ̀rẹ́ mi. Ẹdúnàbọ̀n ni ìyá rẹ̀ ti wá, ó háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé wa, ó ń ta kẹrosíìnì. Mùfú kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, kì í sì í ṣubú. Bọ́ọ̀lù yẹn, nítorí bó ṣe rí, bó bá balẹ̀, ibi tó bá wù ú ló ń ta sí. Àwa máa ń rọ́ gììrì lọ sápá ọ̀tún, á ta sósì, ọwọ́ Mùfú la ó sì ti bá a. Mo bi í bó ṣe ń mọ̀. Ó ní adìyẹ ìyá àgbà òun ní Ẹdúnàbọ̀n ló kọ́ òun, pé ẹni tó bá ń sá tẹ̀ lé adìyẹ kò lè mú un láéláé.

Èmi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kò sí ìyá mi níbí. N kò lè hán bọ́ọ̀lù, n kò lè gbá a, bí mo bá sì sáré dé ìdajì pápá, èémí mi á máa dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ohùn nìkan ni mo ní. Búọ̀dá Dókítà wá iṣẹ́ fún ohùn náà, kò rí.

Àǹtí Bíọ́dún, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé kan ní eré ìdárayá ní Òkèrèwè, wá wò wá. Eré náà wù ú. Ó kó ọmọ tirẹ̀ jọ, ó ń yá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ Sátidé kan pé Ìlódè yóò pàdé Òkèrèwè. Títí di ìgbà yẹn, kò sí àgbàlagbà kan tó bìkítà. Àfi bí ẹ̀gbọ́n Búọ̀dá Dókítà ṣe fi jẹ́sì méjìdínlógún ránṣẹ́ láti Èkó, aláwọ̀ ewé, tó ní nọ́ńbà funfun lẹ́yìn. Jẹ́sì ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbà pe ìpàdé sábẹ́ igi fúrúùtù. Bàbá Àdìó, tó dàgbà jù ní àdúgbò, ló ṣíde, ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́." Agboolé mẹ́fà ló wà ládùúgbò wa nígbà náà. Bàbá mi, tí í ṣe akọ̀wé ìpàdé, pín jẹ́sì méjìdínlógún náà sọ́nà mẹ́fà, ó ní ó jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta géérégé. Bàbá Àdìó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run? Òyìnbó ò dé Ìlódè rí, ó sì mọ iye agboolé wa."

Búọ̀dá Dókítà dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ó lè jẹ́ pé agboolé kan kò ní ọmọ gíga rárá. Wọ́n ní, "Dókítà, a ò sọ̀rọ̀ gíga. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ là ń sọ." Ẹnì kan wá béèrè ipò tí èrò ìwòran ti máa ń rí ọmọ dáadáa. Búọ̀dá Dókítà kò mọ irọ́ pa, ó ní fọ́wọ́ọ̀dù ni. Wọ́n ní ará ẹ̀yìn wá ńkọ́, kí ni iṣẹ́ tirẹ̀? Ó ní ó ń ṣọ́lé.

"Mẹ́gáàdì nìyẹn," ni Bàbá Àdìó wí.

Wọ́n fẹnu kò kíákíá pé kò sí agboolé tí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe mẹ́gáàdì níṣojú ará Òkèrèwè. Gbogbo ọmọ yóò jẹ́ fọ́wọ́ọ̀dù, kí ìrẹ́pọ̀ lè wà. Bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ orúkọ mi náà, pé èmi ni ẹnì kẹta láti agboolé tiwa.

"Mùfútáù ńkọ́, ẹ̀yin bàbá?" ni Búọ̀dá Dókítà bi wọ́n. Wọ́n béèrè agboolé rẹ̀. Ó ní ayálégbé ni wọ́n nílé wa. Bàbá Àdìó mi orí, kò tilẹ̀ sọ ọ́ tìkàtìkà: "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì." Wọ́n gbàdúrà ti onígbàgbọ́, wọ́n gbà á ti mùsùlùmí, wọ́n túká.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Búọ̀dá Dókítà bá mi létí kànga. Mùfú wà níbẹ̀, ó gbé kéègì kẹrosíìnì ìyá rẹ̀ dání. "Ṣẹ́gun," ni Búọ̀dá wí, "bí o bá fẹnu ara rẹ sọ pé o ò ṣe mọ́, kò sẹ́ni tó máa bá mi jà. Mùfú ni màá fi rọ́pò rẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé òun ló tọ́ sí."

Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wọ jẹ́sì náà wò lálẹ́ àná, mo ti yí ẹ̀yìn sí dígí kí n lè rí nọ́ńbà. Mo tẹjú mọ́lẹ̀, n kò fèsì. Ìyá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kò dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ti Mùfú ni.

Mùfú ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Búọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n gbé kẹrosíìnì yìí fún màmá mi." Ó sì lọ.

Ọjọ́ Sátidé dé. Wọ́n fun fèrè, ọmọ Ìlódè méjìdínlógún sáré lọ dúró síwájú òpó ọparun tí a fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí, wọ́n ń dúró dè é. Kò sẹ́nì kankan láàárín. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn. Búọ̀dá Dókítà pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Àǹtí Bíọ́dún ní tirẹ̀ fi ọmọkùnrin gíga kan sáàárín, ó fi ọmọbìnrin méjì sẹ́yìn tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, láìwojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀ fún wọn, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì iléèwé wọn, Mùfú ni. Àbúrò ìyá rẹ̀ ń gbé ní Òkèrèwè. Wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí Àǹtí bi í ni pé, "Ṣé o lè bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bọ́ọ̀lù ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ márùn-ún dì í mú, láti agboolé márùn-ún, wọ́n ń jiyàn ta ló kàn láti gbá a. Ọmọ-ọmọ Bàbá Àdìó ní bàbá àgbà òun ló ṣíde ìpàdé. Ibi tí wọ́n ti ń jà yìí ni Mùfú ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín ẹsẹ̀ wọn wọlé, ó yọ bọ́ọ̀lù. Mo rọ̀ mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó yíjú, kò bínú, ó ní, "Ṣẹ́gun, fi mí sílẹ̀, jẹ́ kí n gbá a." Mo fi í sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Wọ́n nà wá débi pé ẹni tó ń ka góòlù jókòó. Àwọn àgbà ṣèpàdé mìíràn, wọ́n rí ibi tí àṣìṣe wà: agboolé kan ti gba ìwájú òpó gíga fún ara rẹ̀, ìpín kò dọ́gba tó. Wọ́n yan ìgbìmọ̀. Èmi ní tèmi jókòó ti abọ́ ìrẹsì lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ìyá mi ní ibà ni, ó fún mi ní oògùn kíkorò tó ń yún ni lára, mo hora títí mo fi sùn. Kí ọdún tó yí po, Mùfú àti ìyá rẹ̀ ti padà sí Ẹdúnàbọ̀n.

Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún báyìí. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi sì ni wọ́n ń pè bí wọ́n bá fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n pín bíi tèmi: mélòó láti ìlú yìí, mélòó láti ìlú yẹn. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbapò kìíní nínú ìdánwò. Ìlú rẹ̀ ti gba ìpín tirẹ̀ tán. Akọ̀wé wa tuntun, tí kò tíì mọ bí a ṣe ń ṣe, béèrè pé nínú àwọn tó kù, ta ló wá mọ iṣẹ́ náà. A rẹ́rìn-ín. Mo mú bírò pupa, mo fa ìlà lé orúkọ ọmọ náà lórí, wọ́n sì gbé oúnjẹ wọlé. Mo jẹ tèmi tán, mo bi wọ́n bóyá ẹran ṣẹ́kù.