Mọ́tò Tó Ní Àmì Ìforíkanlẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kambolé, ẹ̀yin ọmọ mi, ọyẹ́ máa ń jà débi pé ẹni tó bá sín á rí erùpẹ̀ ọdún tó kọjá nínú imú ara rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, n kò lágbára irọ́ púpọ̀ mọ́.

Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ ní Komah, ní Sokodé, kànga wa gbẹ. Mọ́tò dúdú àbúrò bàbá mi ni yóò gbé e lọ. Erùpẹ̀ bo mọ́tò náà débi pé adìẹ yé ẹyin sórí rẹ̀, àgbàdo sì hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Ìyá mi ní bí ọmọ òun bá fi mọ́tò ẹlẹ́gbin wọ Komah, mọ́tò náà ni wọn yóò máa fi bú u títí yóò fi darúgbó. Àwọn obìnrin ilé sì ní omi tó kù, ẹnu èèyàn ló wà fún.

Àbúrò bàbá mi, tó mọ kéwú díẹ̀ jù mí lọ, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí kò bá rómi ṣe àlùwàlá, ṣebí yẹ̀pẹ̀ ló fi ń ṣe tàyámọ́mù? Mọ́tò náà á ṣe tirẹ̀." Ó bu iyanrìn, ó ní bìsìmílà, ó fi ra iwájú mọ́tò. Mọ́tò ké. Ewúrẹ́ ilé kejì dá a lóhùn. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, ilà wẹ́wẹ́ ti kún ibẹ̀ bí ojú ẹni tó kọlà.

Ìyàwó fúnra rẹ̀ jáde, tòun ti làálì lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ dákun. Bí iyanrìn bá kó sọ́mọ lójú, ṣé ẹ máa ń fọwọ́ ra á ni?"

"Fífẹ́ la máa ń fẹ́ ẹ."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ó ní ká ti mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò. Ó fi ìyẹ́ adìẹ gbọn erùpẹ̀ kúrò, láìtẹ̀ ẹ́. Ó wá gbé omi àlùwàlá tirẹ̀, ìlàjì igbá, ó rẹ aṣọ òwú sí i, ó fún un, ó ń nù ún láti òkè wá sísàlẹ̀, kò yí ọwọ́ po. Bí ojú aṣọ kan bá dọ̀tí, á ṣẹ́ ẹ sí òdìkejì. Lẹ́yìn náà, aṣọ gbígbẹ. Nígbà tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló wá fi yẹ̀pẹ̀ ṣe tàyámọ́mù. Àbúrò bàbá mi ń wo ilẹ̀.

A gba Tchamba kọjá, a dé Komah. Bàbá ọkọ yí mọ́tò tó ń dán náà ká, ó fìka kan àwọn ilà yẹn, ó fi èdè Kotokoli béèrè ohun tó ṣe é níwájú orí. Ìyá mi di apá mi mú.

Àbúrò bàbá mi ní, "Àlàájì, mọ́tò yìí kì í fi ìrun ṣeré. Àmì ìforíkanlẹ̀ ni."

Bàbá náà wo mọ́tò, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ká wọlé.

Lónìí, ní àdúgbò Kouloundè, ní Sokodé, àwọn ọmọ yín ń fi tìyó, rọ́bà gígùn ẹnu ẹ̀rọ, da omi sí mọ́tò látàárọ̀, omi ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, àwọn obìnrin sì tò sí ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú bàsíà, wọ́n ń dúró de omi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Papa, c'est rien, kò sí nǹkan kan, omi wà." Ẹnu náà ń rẹni.

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Komah. Ojú rẹ̀ kò ríran tán mọ́. Mo bi í bóyá wọ́n ti fi mọ́tò yẹn bú u rí. Ó ní rárá o, wọ́n kàn máa ń béèrè bóyá mọ́tò náà ṣì ń kírun.

Mo ní kó sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìjókòó ló fi ń kí i báyìí, bíi tèmi.