Bọ́ọ̀dù Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Mùíbátù, kó pe bọ́ọ̀dù rẹ̀ ní pàǹtí. Bí wọ́n bá pe òun fúnra rẹ̀ ní wèrè, á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ní híjáàbù rẹ̀ ti gùn jù, á ní ẹni tó rà á fún òun ni kí wọ́n lọ bá jà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu kàn án.

Òótọ́ ni, páálí lásán ni. Ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ kan ní Sango ló ti ṣa páálí náà, ó wá rán àpò ọ̀rá kéékèèké mẹ́jọ mọ́ ọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fọ́tò kan ló máa ń wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan: ká kíra, ká jókòó, ká ya àwòrán, ká fọwọ́, ká jẹun. Bí nǹkan kan bá parí, ọmọ á yọ fọ́tò rẹ̀, á jù ú sínú àpò pupa tó wà nísàlẹ̀, á sì wo èyí tó kàn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà ní kíláàsì Mùíbátù, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Ilo-Awela. Àwọn kan nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í sì í pẹ́ létí àwọn yòókù. Ohun tí ojú wọn bá rí ni wọ́n ń gbà gbọ́.

Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Kó tó di tíṣà, ọdún mẹ́fà ló fi ń di ọjà sínú ọ̀rá ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Igbesa. Ìdajì àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni kò mọ̀wé kà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ò mọ ẹni tí kò kàwé. Káàdì aláwọ̀ ni ọ̀gá wọn ń fi kọ́ sára bọ́ọ̀dù: pupa, ẹ dúró, àwọ̀ ewé, ẹ bẹ̀rẹ̀, yẹ́lò, ẹ lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó ṣì í.

"Bí bàbá onírùngbọ̀n bá ń wo bọ́ọ̀dù kó tó mọ ohun tó kàn, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe?" Ìbéèrè tó máa ń bi èèyàn nìyẹn, kì í sì í dúró gbọ́ ìdáhùn.

Afeezat ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń sọ. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, bí àkókò ilé bá ti tó báyìí, igbe ni, á tún máa bu ara rẹ̀ jẹ. Mùíbátù ti ya ilé mèremère kan sí àpò tó kẹ́yìn, ó sì ń tọ́ka sí i lójoojúmọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó yé e pé òun gan-an ló ṣàṣìṣe. Ọmọ yìí kì í lọ sílé lẹ́yìn ilé-ìwé. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀ di géètì. Lójú tirẹ̀, ojoojúmọ́ ni àǹtí ń purọ́ fún òun. Mùíbátù fa àwòrán ilé náà ya, ó fi fọ́tò kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀, igbe náà sì dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n ìtìjú ò tíì kúrò lójú Sirajudeen, bàbá ọmọ náà. Ó ti wá sí kíláàsì nígbà kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí, táàmù yìí nìkan ni. Bí àwọn èèyàn bá tún ń wo ọmọ mi bí ìran, mo máa mú un sílé, kò sì ní jáde mọ́." Mùíbátù mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ọmọ kan bẹ́ẹ̀ rí ní Itele, inú yàrá tí wọ́n tì pa ló ti dàgbà. Ó ti búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ sí èyí.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyí tí ọ̀gá ilé-ìwé tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé, fi dé, òun àti ọ̀dà funfun tó fi kun gbogbo ògiri.

"Madam, àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Tọ́sìdeè. A ti pe àwọn òbí náà. Mi ò fẹ́ rí páálí kankan lára ògiri mi."

"Sà, bọ́ọ̀dù yẹn ni àwọn ọmọ fi ń mọ—"

"Pàǹtí ni, Madam. Ẹ má fi ohunkóhun kọ́ sára ògiri."

Nígbà tí Mùíbátù dé láàárọ̀ Tọ́sìdeè, wọ́n ti yọ bọ́ọ̀dù náà. Inú garawa ìdọ̀tí ló ti rí i, ó ti ya sí méjì. Afeezat dúró síwájú ògiri funfun, ó ń fọwọ́ pa ibi tí bọ́ọ̀dù máa ń wà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹni tó bá mọ ọmọ náà mọ̀ pé igbe ló kàn. Bàbá rẹ̀ sì ń bọ̀.

Inú bí Mùíbátù. Ó ṣa àwọn fọ́tò náà nínú ìdọ̀tí, ó nù wọ́n, ó wá píìnì. Ó fi wọ́n kọ́ sára híjáàbù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àyà títí dé orúnkún, ó so àpò pupa mọ́ ìdí, ó sì kọjú sí kíláàsì. Afeezat wò ó. Ó tún wò ó. Ó dákẹ́, ó rìn wá, ó sì yọ fọ́tò àkọ́kọ́.

Nígbà tí ọ̀gá kó àwọn àlejò wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọsẹ̀.

"Madam, kí lẹ wọ̀ yìí? Ẹ bọ́ ọ." Ó rọra sọ ọ́, ó pa eyín pọ̀ kí àwọn àlejò má bàa gbọ́.

"Ara ògiri lẹ ní kí n má fi nǹkan kọ́ sí, sà. Èmi kì í ṣe ògiri."

"Ẹ máa gba query."

"Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, sà. Àyè ṣì wà níbí." Ó fọwọ́ lu èjìká rẹ̀.

Ọ̀gá wá lọ dúró síwájú rẹ̀ gbọnin kí àwọn àlejò má bàa rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọ̀dà. Ó ròyìn ọ̀dà títí àkókò oúnjẹ fi tó, kò dákẹ́. Ni Afeezat bá dìde. Ó fa kóòtù ọ̀gá lẹ́yìn, ọ̀gá gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ọmọ náà gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ó yọ fọ́tò abọ́ àti ṣíbí lára híjáàbù, ó sì nà án sí ọ̀gá lójú gan-an.

"Kí nìyí? Kí ló ń fẹ́?"

Mùíbátù mọ̀, ó sì wo bàbá ọmọ náà tó ti dé.

"Ebi ló ń pa á, sà." Sirajudeen ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ọdún mẹ́sàn-án nìyí, kò sọ ohun tó ń fẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ mi ní ebi ń pa òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà fún un."

Ọ̀gá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sirajudeen wọlé, ó dúró ti Mùíbátù.

"Ibí lọmọ mi máa wà, sà. Bọ́ọ̀dù rọrùn-ún yọ. Ẹ wá yọ àǹtí fúnra rẹ̀, ká wò ó."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Afeezat ti fọwọ́, ó ti jókòó, ó ti bu ṣíbí kẹta sẹ́nu.